Àwọn Alákàn Odò Máwẹ̀yìn

Ní Òbè-Arán, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ilé sórí òpó nínú omi, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Fèyíṣará. Alákàn pípa ni iṣẹ́ rẹ̀. Bí omi bá ti fà, tí ẹrẹ̀ abẹ́ igi ẹ̀gbà tí ń hù nínú omi hàn síta, Fèyíṣará á ká ìró rẹ̀ dé orúnkún, á ti ọwọ́ bọ ihò títí dé èjìká, á sì fa alákàn jáde. Àwọn obìnrin tí ń yan ẹja máa ń fi í ṣẹ̀fẹ̀ pé ẹrẹ̀ ni ọkọ rẹ̀, kì í ṣe Ọmọ́níyì. Òun náà á rẹ́rìn-ín, á ní ó kúkú sàn bẹ́ẹ̀, ẹrẹ̀ kì í ṣàròyé ọbẹ̀, kì í sì í hanrun.

Ọmọ́níyì pàápàá máa ń rẹ́rìn-ín sí i. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Èjìká ọ̀tún rẹ̀ ti yẹ̀ nígbà èwe rẹ̀, nítorí náà bí ó bá ń wa ọkọ̀, á wa àjẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, á sinmi díẹ̀, kó tó tún wà á. Bí Fèyíṣará bá wà nínú ilé, tí ó gbọ́ ẹ̀ẹ̀mẹta àti ìsinmi náà lórí omi, á ti mọ̀ pé kí òun gbé oúnjẹ kaná.

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló jáde láti Òbè-Arán sí àwọn ìlú orí ilẹ̀. Odò tóóró kan ni. Igi ẹ̀gbà bò ó lọ́tùn-ún lósì débi pé oòrùn ọ̀sán kì í fi bẹ́ẹ̀ kan omi rẹ̀, omi náà sì dúdú bí aró. Lékeléke kì í bà síbẹ̀. Ẹyẹ apẹja, tí kì í fi igi kankan sílẹ̀ létí omi níbòmíràn, kì í dé ibẹ̀. Máwẹ̀yìn ni wọ́n ń pè é, orúkọ rẹ̀ náà sì ni òfin rẹ̀: ẹni tó bá wọ ọkọ̀ wọ inú odò náà kò gbọdọ̀ yí ọrùn wo ẹ̀yìn títí yóò fi jáde. Wọ́n ní ẹni àkọ́kọ́ tó tukọ̀ gba ibẹ̀ gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ tó ti kú. Ó yí ọrùn, ohun tó sì rí kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ mọ́ títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni àwọn ará Òbè-Arán ti fi ẹ̀yìn odò sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín.

Ìran mẹ́ta pa òfin yìí mọ́, wọn kò rí aburú kankan. Nígbà tó wá di ayé Fèyíṣará, láàárín ọdún mẹ́ta péré, ènìyàn márùn-ún wọ Máwẹ̀yìn, wọn kò jáde. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́ igbe. Ọkọ̀ kankan kò dojú dé. Ọkọ̀ á wọlé pẹ̀lú ènìyàn méjì, á jáde pẹ̀lú ẹnì kan, ẹni tó wà níwájú kò sì ní mọ ìgbà tí ìdí ọkọ̀ ṣófo. Ẹni tó jókòó ní ìdí ọkọ̀ ni odò náà ń mú nígbà gbogbo. Ará ìlú ní kò sí àníàní, àwọn márààrún ti wẹ̀yìn. Ta ló rí wọn? Kò sí ẹni tó rí wọn, nítorí kò sí ẹni tó gbọdọ̀ wẹ̀yìn.

Ọmọ́níyì ni ẹnì karùn-ún. Fèyíṣará ló jókòó níwájú lọ́jọ́ náà.

Ohun tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni ni pé òun gbọ́. Ó gbọ́ àjẹ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbọ́ ìsinmi, ó sì dúró de ẹ̀ẹ̀mẹta mìíràn. Kò gbọ́ ọ. Ó rò pé èjìká ló ń dùn ún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ fúyẹ́ lábẹ́ rẹ̀. Ó mọ̀ nínú ara rẹ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀, gbogbo ọrùn rẹ̀ sì ń yún un láti yí, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù òfin dì í mú. Ó wa ọkọ̀ náà jáde pẹ̀lú omijé lójú, ojú rẹ̀ sì wà níwájú bí wọ́n ti kọ́ ọ. Nígbà tí oòrùn tàn sí i lára tó wá yíjú padà, àjẹ̀ Ọmọ́níyì wà lórí ìjókòó, ó ṣì tutù. Àwọn ènìyàn bá a kẹ́dùn. Wọ́n yìn ín pé ó pa òfin mọ́. Ìyìn náà ló dùn ún jù.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ṣùgbọ́n kò pa alákàn. Ó ti ọkọ̀ kékeré rẹ̀ wọ àárín gbòǹgbò igi ẹ̀gbà létí ẹnu Máwẹ̀yìn, níbi tí òfin kò tíì dé, ó jókòó, ó ń wò. Kò mọ ohun tó ń wá. Ó wò ní ọjọ́ kejì. Ó wò ní gbogbo ọ̀sẹ̀. Ó rí àwọn ẹja wẹẹrẹ tí ń fi lẹbẹ rìn lórí ẹrẹ̀ bí ọmọ tó ń rá. Ó rí awọ́nrínwọ́n tó ń lúwẹ̀ẹ́ pẹ̀lú imú nìkan lókè omi. Ó sì rí àwọn alákàn. Láti kékeré ló ti ń pa wọ́n, kò sì wò wọ́n rí.

Bí omi bá ti fà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn á jáde sórí ẹrẹ̀ lápá méjèèjì odò. Ojú wọn á nà ró lórí igi tín-ín-rín méjì, á sì máa yí kiri fúnra rẹ̀ nígbà tí ara wọn ń jẹun. Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọkọ̀ oníyọ̀ kan wá wọ odò pẹ̀lú ọkùnrin méjì. Bó ṣe dé ọ̀kánkán àwọn alákàn, gbogbo wọn wọ ihò lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ kọjá. Wọ́n tún jáde, ojú wọn ró sókè, wọ́n ń jẹun. Fèyíṣará mọ ìyẹn tẹ́lẹ̀, ọmọdé gbogbo mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó wa àjẹ̀ ní ogún ìgbà, gbogbo ojú náà tẹ̀ sí apá kan, àwọn alákàn sì tún wọ ihò lẹ́ẹ̀kejì.

Kò sí nǹkan kan lórí omi. Omi náà tẹ́jú, kò tilẹ̀ mì. Síbẹ̀, ó rí i bí àwọn alákàn ti ń wọ ihò lọ díẹ̀díẹ̀ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, bí ẹni tó ń ká ẹní lẹ́yìn ọkọ̀ oníyọ̀ náà, títí tí òkùnkùn igi fi bò ó mọ́ ọn lójú. Ó dúró de ọkọ̀ mìíràn lọ́jọ́ kejì. Bákan náà ni. Ó dúró de òmíràn. Bákan náà ni. Nígbà tí ọkọ̀ kò bá kọjá, ẹ̀rù kì í ba àwọn alákàn.

Ó tọ Baálẹ̀ lọ. Ògúnfẹ́yìmí ni orúkọ Baálẹ̀, arúgbó tó fẹ́ràn àlàáfíà ju òtítọ́ lọ díẹ̀. Ó bá a níbi tó ti ń jẹ ẹja yíyan.

"Baba, ẹ kú ìjẹun. Nǹkan kan ń tẹ̀ lé àwọn ọkọ̀ wa ní Máwẹ̀yìn."

"Ta ló rí i?"

"Àwọn alákàn rí i, Baba."

Baálẹ̀ wò ó pẹ̀lú àánú. "Fèyíṣará, ọ̀fọ̀ ló ń ṣe ọ́, n kò bá ọ wí. Ẹni tó ni odò ló ń sin àlejò rẹ̀ jáde. Ṣé ó burú kí onílé sin àlejò ni? Máa bá iṣẹ́ rẹ lọ. Òfin tí àwọn baba wa fi lélẹ̀ ló ń ṣọ́ wa."

"Ṣé ó ṣọ́ Ọmọ́níyì, Baba?"

Baálẹ̀ fa àwo ẹja rẹ̀ súnmọ́ ara rẹ̀, ó ń wá egungun níbi tí egungun kò sí. Fèyíṣará kúnlẹ̀ kí i, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ìbídùn, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Fèyíṣará bí, wà nílé lákòókò yìí. Ọ̀fọ̀ bàbá rẹ̀ ló gbé e wá pẹ̀lú oyún nínú. Òkè-Ìyanrìn ló ti lọ́kọ, lórí ilẹ̀, lódìkejì Máwẹ̀yìn. Àwọn ará Òkè-Ìyanrìn kì í fi ọ̀rọ̀ àkọ́bí ṣeré. Ilẹ̀ ilé bàbá ni wọ́n ń ri ìwọ́ rẹ̀ mọ́, èyí tí ìwọ́ rẹ̀ bá sì bọ́ sínú omi, wọn kì í kà á mọ́ ọmọ ilé. Adéwùsì ọkọ rẹ̀ ti ṣèlérí pé òun yóò wá mú un bí oṣù tuntun bá lé. Àmọ́ oyún kì í wo oṣù ojú ọ̀run. Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí oṣù lé nígbà tí Ìbídùn di òpó ilé mú lówùúrọ̀ ọjọ́ kan tó ní, "Yèyé mi, inú ń fún mi."

Fèyíṣará wá ọkùnrin tí yóò wa ọkọ̀. Èyí ní ẹ̀yìn ń ro òun, òmíràn ní àjẹ̀ òun ti kán. Ó mọ̀ pé ìdí ọkọ̀ ni ẹnikẹ́ni nínú wọn kò fẹ́ jókòó sí. Kò bá wọn jà. Ó tẹ́ ẹní síwájú ọkọ̀, ó ní kí ọmọ rẹ̀ jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àjẹ̀ kékeré. Ó gbé apẹ̀rẹ̀ alákàn ńlá kan sí àárín, èyí tó fẹ́ fi kí àwọn àna rẹ̀, ó sì ga tó ọmọ ọdún mẹ́ta. Òun fúnra rẹ̀ jókòó ní ìdí ọkọ̀. Ó ń gbàdúrà nínú ọkàn rẹ̀ pé bí odò bá fẹ́ mú ènìyàn, kó mú òun, kó fi àwọn méjèèjì sílẹ̀, ọmọ àti ọmọ inú ọmọ.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n wọ Máwẹ̀yìn, omi sì ti fà. Bí wọ́n ti kọjá igi àkọ́kọ́, ohùn ìlú dákẹ́ lẹ́yìn wọn bí ẹni pé wọ́n ti ilẹ̀kùn. Fèyíṣará gbé ọrùn dúró gan-an. Òfin ní kí ènìyàn má yí ọrùn, kò ní kó má yí ojú. Ó yí ojú rẹ̀ sí apá ọ̀tún títí tó fi ń dùn ún, ó sì lè rí ẹrẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá. Àwọn alákàn wọ ihò bí ọkọ̀ ti dé. Ọkọ̀ kọjá, wọ́n jáde. Ó mí kanlẹ̀.

Wọ́n rìn jìnnà díẹ̀ kó tó rí i. Àwọn tó ti jáde lẹ́yìn ọkọ̀ tún wọ ihò, kò sì sí nǹkan kan lójú omi. Ó ń ka àjẹ̀ rẹ̀. Ogún. Nígbà tó yá, ó di mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ó di mẹ́wàá.

"Yèyé," Ìbídùn sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ láti iwájú, "ta ló ń wa ọkọ̀ lẹ́yìn wa?"

Fèyíṣará ti ń gbọ́ ọ ṣáájú rẹ̀. Ìró àjẹ̀ ni, ó ń wọ omi, ó ń jáde, omi ń kán lára rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìsinmi díẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta.

Kò sí ohun tó wù ú láyé rí tó bí yíyí ọrùn ti wù ú ní wákàtí náà. Ìfẹ́ ọkọ rẹ̀ dìde nínú rẹ̀ bí ẹni pé kò tíì kú rárá. Ó rò ó pé bóyá ó wà níbẹ̀, bóyá èjìká ṣì ń dùn ún, bóyá gbogbo ohun tó ń dúró dè ni pé kí òun wò ó lẹ́ẹ̀kan péré. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú tó kún fún omi náà ṣì wà lára àwọn alákàn, ó sì rí i pé wọn kò jáde mọ́. Àwọn tó wọ ihò nítorí ọkọ̀ tiwọn dúró sínú ihò. Kò sí àlàfo mọ́ láàárín ọkọ̀ àti ohun tó ń bọ̀.

"Ìbídùn, máa wo iwájú rẹ, ọmọ mi. Bí o bá gbọ́ ohunkóhun, má dá àjẹ̀ dúró."

Ó tú gèlè rẹ̀. Láìyí ọrùn, ó wé e mọ́ orí apẹ̀rẹ̀ alákàn, ó so ó le kó lè jọ orí ènìyàn. Ó rọra gbé ìdí kúrò, ó rá lọ síwájú, ó sì fi ọwọ́ fa apẹ̀rẹ̀ náà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ títí apẹ̀rẹ̀ náà fi jókòó sórí ìjókòó tí òun ti dìde ní ìdí ọkọ̀. Ó kúnlẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ọmọ rẹ̀, ó ki àjẹ̀ bọ omi. Nínú apẹ̀rẹ̀, àwọn alákàn tó ti ń ha igi kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́ láti òwúrọ̀ dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìró àjẹ̀ ẹ̀yìn náà dákẹ́ pẹ̀lú. Iwájú ọkọ̀ gbéra sókè díẹ̀. Omi dún lẹ́ẹ̀kan, bí ọ̀fun arúgbó tó gbé òkèlè mì. Lẹ́yìn náà, ọkọ̀ fúyẹ́.

Fèyíṣará mọ fífúyẹ́ náà. Ó ti ń gbé inú ara rẹ̀ láti ọjọ́ tí odò mú Ọmọ́níyì. Kò yí ọrùn, ó wa ọkọ̀, ọmọ rẹ̀ ń wà á níwájú rẹ̀, títí tí oòrùn fi tàn sí wọn lórí ní èbúté Òkè-Ìyanrìn. Àwọn tó wá fa ọkọ̀ sókè ni wọ́n kọ́kọ́ rí i pé ìjókòó ìdí ọkọ̀ kò sí mọ́, etí igi tó yí i ká sì ti ya lọ. Àwọn kan ní eyín ọ̀nì ni. Àgbà kan fi ọwọ́ wọn ihò eyín náà, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, ó ní òun kò rí ọ̀nì tó ní ẹnu bẹ́ẹ̀ rí. Kí oòrùn tó wọ̀, Ìbídùn bí ọmọkùnrin. Adéwùsì gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé, ó sì ri ìwọ́ ọmọ náà mọ́ ilẹ̀ gbígbẹ.

Ọjọ́ kẹsàn-án, lẹ́yìn ìsọmọlórúkọ, Fèyíṣará ní òun ń lọ sílé. Adéwùsì tún ìdí ọkọ̀ ṣe, ó ní òun yóò wa ọkọ̀ níwájú. Àwọn ará Òbè-Arán tó wà ní èbúté lọ́jọ́ náà kò lè gbàgbé ohun tí wọ́n rí. Ọkọ̀ jáde láti Máwẹ̀yìn. Ọkùnrin kan wà níwájú, ojú rẹ̀ sí ìlú. Obìnrin kan wà ní ìdí ọkọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ ló kọ sí ìlú. Ó jókòó kọjú sí odò náà, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lórí itan, ojú rẹ̀ kò sì ṣẹ́ títí ọkọ̀ fi kan òpó.

Wọ́n sáré pe Baálẹ̀. Ògúnfẹ́yìmí dé tòun ti ọ̀pá.

"Fèyíṣará, ìwọ wẹ̀yìn ní Máwẹ̀yìn?"

"Mo wẹ̀yìn, Baba. Láti ẹnu odò títí dé ìdí rẹ̀."

"Kí lo rí?"

"Gèlè mi ni mo rí," ó wí. "Ó léfòó lórí omi lẹ́yìn wa, ó ṣì wé bí mo ti wé e. Bí a bá wa ọkọ̀, á máa bọ̀. Bí a bá dúró, á dúró. Ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀, n kò rí i. Ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé mò ń wo òun, Baba, kò sì súnmọ́ wa kọjá ibi tó wà."

Baálẹ̀ béèrè ẹni tó kọ́ ọ ní irú ìgboyà bẹ́ẹ̀.

"Alákàn ni," Fèyíṣará dáhùn. "Kò ní ọrùn tó lè yí. Kò ní baba tó ṣe òfin fún un. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gba ẹ̀yìn rẹ̀ mú un rí bí kò bá sùn. Àwa gbé orí wa fún òfin ṣọ́, a wá di ojú. Mo gbọ́ nígbà tí àjẹ̀ ọkọ mi dúró, Baba. Mo gbọ́ ọ. Ká ní mo wò ni."

Ibẹ̀ ló ti sunkún, ẹkún tí kò sun nígbà ọ̀fọ̀. Àwọn obìnrin tí ń yan ẹja dì í mú, ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì fi ẹrẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá jókòó ní ìdí ọkọ̀ ní Máwẹ̀yìn, ẹ̀yìn ló ń kọjú sí, odò náà kò sì mú ẹnì kẹfà. Bí ọmọ kan bá sì fẹ́ wọ ọkọ̀ ní Òbè-Arán, àgbà á fà á létí díẹ̀, á rán an létí ohun tí opó Ọmọ́níyì rí lórí ẹrẹ̀, ọ̀rọ̀ náà ló sì ti ibẹ̀ tàn dé ọ̀dọ̀ gbogbo wa tí a fi ń pa á lówe títí dòní pé: ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí.